Èèpo Ẹ̀gẹ́ Tí Kò Tíì Gbẹ

Ìyá mi àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó fi apá òsì gbá ọrùn àgùntàn rẹ̀ mọ́ra. Ikùn ẹran náà ti wú bíi bọ́ọ̀lù, itọ́ funfun sì ń hó lẹ́nu rẹ̀. Òun nìkan ṣoṣo ni àgùntàn tí Màmá ní, oyún sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ará ilé ti pé sẹ́yìnkùlé, Màmá ò sunkún, ó kàn ń bi wá léraléra: "Kí ló jẹ? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sọ fún mi, kí ló jẹ?" Èmi nìkan ni mo mọ̀, mo sì panu mọ́.

Bàrígà la ń gbé, níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti máa ń gbé òórùn ẹja yíyan wá bá wa láàárọ̀. Kí Màmá tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa, ààtàn lásán ni ẹ̀yìnkùlé wa. Ó wò ó títí, ó ní, "Ilẹ̀ tó ń mí lẹ sin sábẹ́ ọ̀rá báyìí." Odidi oṣù mẹ́ta ló fi ń ṣa ọ̀rá àti àfọ́kù ìgò, tí èmi ń gbé garawa tẹ̀lé e. Ó da eérú sí ilẹ̀ náà, ó gbin ọ̀dùnkún, torí pé àgùntàn ń jẹ ewé rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí àgbàrá wọ́ ilẹ̀ lọ. Ìgbà tí ewé bo ilẹ̀ tán ló tó ra abo àgùntàn kan, ẹlẹ́sẹ̀ funfun. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá ra ẹran kó tó tún ilẹ̀ ṣe, ọ̀rá ni yóò fi bọ́ ọ. Ìgbẹ́ ẹran náà la sì ń kó padà sídìí ọ̀dùnkún.

Iṣẹ́ tèmi ni láti lọ gba èèpo ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ ìyá onífùfú tó wà ní ojúlé kejì sí wa. Òfin kan ló wà níbẹ̀: a gbọ́dọ̀ sá a sórí páànù fún ọjọ́ mẹ́ta, títí yóò fi máa dún kẹrẹkẹrẹ lọ́wọ́. Tútù rẹ̀ ń pa ẹran. Bí àgùntàn wa bá sì tẹ̀ lé ajá onílé dé etí gọ́tà, Màmá á bú sẹ́rìn-ín: "Àgùntàn tó bá bájá rìn, á jẹ ìgbẹ́ o! Àbẹ̀kẹ́, lọ mú ọ̀rẹ́ ẹ wálé."

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òjò ò dá. Èèpo ò gbẹ, ẹran sì ti jẹ ewé ọ̀dùnkún kan ilẹ̀. Màmá lọ sípàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, àgùntàn ń ké ṣáá, ó ń fi imú ti ọwọ́ mi. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo bu èèpo tútù fún un, apẹ̀rẹ̀ kan gbáko.

Bó ṣe di pé a yí i ká nìyẹn. Alájì tó ń gbé yàrá iwájú ti mú ọ̀bẹ dání. "Ìyá, ẹ gba f'Ọ́lọ́run. Ọ̀rá ló gbé mì. Ẹ jẹ́ á dúńbú ẹ kó tó kú." Màmá wo ọ̀bẹ náà, ó sì rọra tú ọwọ́ lọ́rùn ẹran. Mi ò mọ̀gbà tí mo figbe ta: "Èmi ni! Èèpo tútù ni mo fún un!"

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ti ń retí ìgbájú.

"O ṣeun, Àbẹ̀kẹ́," Màmá wí. "Sáré gbé epo pupa wá."

Ó rọ epo sí i lọ́fun, ó ń fọwọ́ ra á níkùn, ó ń pè é ní ìyá mi, ìyá mi, títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹran náà là á já. Àmọ́ lọ́jọ́ kẹta, oyún bàjẹ́. Àárín ọ̀dùnkún ni Màmá sin ọmọ àgùntàn náà sí, ibẹ̀ ni mo ti rí i tó sunkún. Ìyá tó bí mi fúnra rẹ̀ ní mi ò gbọ́dọ̀ dé ìdí ẹran yẹn mọ́ láéláé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Màmá jí mi, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. "Ìyá onífùfú ti ń bó ẹ̀gẹ́. Lọ gba èèpo wá." Kò fi ìkìlọ̀ kankan kún un.

Màmá ti dolóògbé tipẹ́. Aránṣọ ni mí báyìí, ní Fọlá Àgórò. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fi áyọ́ọ̀nù jó léèsì ìyàwó tuntun kan. Ọmọ náà sunkún títí ojú ẹ̀ fi wú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú léèsì oníbàárà mìíràn, mo sì kọjú síbi ẹ̀rọ mi kó má bàa rí i pé ẹ̀rù ń bà mí. Láti kékeré ni mo ti rò pé ẹ̀rù ò ba Màmá láàárọ̀ ọjọ́ tó gbé apẹ̀rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Irọ́ ni. Ẹ̀rù bà á gan-an, síbẹ̀ ó rán mi níṣẹ́ náà.