Ọwọ́ Tí Wọ́n Ń Jù Sí Mi

Mo rántí ìgbà tí ilé mi ní Ẹ̀gbẹ́dá dákẹ́ débi pé láti orí ibùsùn ni mo ti ń gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń kùn nínú ilé ìdáná. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti kó àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ sí ìlú òyìnbó. Èmi náà kọ fọ́ọ̀mù, wọn kò fún mi ní físà. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù, kí n tún gbìyànjú. Nínú sùúrù yẹn ni mo ti di ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé tó sì ń jókòó sínú mọ́tò nínú ọgbà fún wákàtí kan, nítorí pé inú mọ́tò kéré, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ kò tó ti ilé. Ní ti àwọn tí a jọ ń gbé ọgbà náà, "ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́" nìkan ló pa wá pọ̀.

Rédíò tó bá mọ́tò náà wá kò burú, àmọ́ ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ohùn aláìsàn. Lọ́jọ́ kan, mọ́tò kan kọjá lára mi ní ibùdókọ̀ Pleasure, orin inú rẹ̀ sì mi gíláàsì mi jìgìjìgì. Gbogbo ẹni tó wà lójú títì ló yíjú sí ọlọ́kọ̀ yẹn. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń bú u. Mo jowú rẹ̀. Bàbá ọlọ́dún mẹ́rìndínláàádọ́ta ń jowú ariwo!

Àgbà rìwáyà kan wà ní Dópẹ̀mú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó máa ń tún iná mọ́tò mi ṣe. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ wúfà, sípíkà ńlá tó máa ń mi ilẹ̀, àti ámpù tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé àgbo lẹ fẹ́ máa polówó ni?"

"Rárá, Bàbá. Mo kàn fẹ́ kí ohùn rẹ̀ kún díẹ̀ ni."

"Ẹni tó gbé wúfà sí búùtù, ṣé díẹ̀ lónítọ̀hún ń wá? Ẹ jókòó ṣá."

Ó ní rédíò náà kò ní ojú tí a lè ki wáyà ámpù bọ̀, nítorí náà láti ara wáyà sípíkà ẹ̀yìn lòun yóò ti fa ohùn. Lẹ́yìn náà ló fa wáyà pupa kan tó nípọn láti ara bátìrì, ó gbà á gba ihò irin tó wà lókè ibi tí mo ń gbé ẹsẹ̀ òsì sí, ó sì tẹ́ ẹ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì títí dé búùtù. Iṣẹ́ náà gba odindi ọjọ́ kan. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, a jọ jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, ó ń sọ ìtàn ìgbà ọmọdé rẹ̀ fún mi. Bí mo bá ro ọdún yẹn lónìí, ọjọ́ yẹn ló dùn jù nínú rẹ̀. Nígbà tó parí, ó fi ìka kan fíùsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì.

"Ẹ̀ṣọ́ yín rèé. Bó bá jó, ẹ má bínú sí i. Nǹkan ló rí. Ẹ gbé mọ́tò wá bá mi."

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo ń wa mọ́tò láti Ẹ̀gbẹ́dá gba Ìdímù lọ sí Ìṣẹ̀rí-Olófin, kí n sì padà. N kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Nítorí àwọn ọlọ́kọ̀ kẹ̀kẹ́ márúwá tó ń dúró ní oríta kan ni mo ṣe ń lọ. Bí wọ́n bá ti gbọ́ mi lókèèrè, wọ́n á ju ọwọ́ sókè.

"Dádì! Ẹ ń jayé o!"

"Ẹ ń purọ́ ọjọ́ orí jàre, ẹ ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún!"

Èmi náà á ju ọwọ́ padà, n ó sì máa rẹ́rìn-ín délé. Mo gbà pé wọ́n mọ̀ mí.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé kan, fíùsì jó. Mo pe rìwáyà. Ó ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó di ọjọ́ Ajé kó tó dé. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun fẹ́ wá ibi tí wáyà ti ń kan irin kóun tó fi òmíràn sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo pe àwọn ọmọ. Ọmọkùnrin mi ní, "Dádì, a fẹ́ jáde, a máa pè yín." Wọn kò pè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe ní ìlú yìí. Mo yọ fọ́nrán kan lára wáyà áyọ́ọ̀nù àtijọ́, mo fi so ẹsẹ̀ fíùsì náà méjèèjì pọ̀. Ta ni kò ṣe é rí? Orin padà, ọkàn mi sì balẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ebi ariwo ń pa mí.

Mo ti kọjá Ìdímù nígbà tí mo gbóòórùn iná. Mo rò pé àwọn kan ló ń sun pàǹtí lẹ́bàá títì. Bí mo ṣe sún mọ́ oríta, àwọn ọlọ́kọ̀ kẹ̀kẹ́ ju ọwọ́ sókè bí ìṣe wọn. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n tún ń fò, ẹnu wọn là, méjì nínú wọn ń sáré bọ̀. Inú mi dùn. Mo ju ọwọ́ padà sí wọn, mo sì tún gbé orin náà sókè sí i. Ìgbà tí ooru gbá mi lẹ́sẹ̀ òsì ni mo tó wolẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ti ń jó, èéfín sì ti ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ bíréèkì. N kò rí bẹ́líìtì tú. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń sáré bọ̀ ló ṣílẹ̀kùn, tó tú mi, tó sì wọ́ mi jáde bí ẹni wọ́ àpò sìmẹ́ǹtì. Orin náà ṣì ń lọ nínú iná fún ìgbà díẹ̀.

Òun náà ló fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbé mi dé ilé ìwòsàn kékeré kan. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n pe ẹbí mi. Ọlọ́kọ̀ kẹ̀kẹ́ náà yọ fóònù rẹ̀.

"Dádì, ẹ dárúkọ ẹnì kan ká pè é. Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ? Àbúrò?"

Fóònù mi ti jó mọ́ mọ́tò, nọ́ńbà ìyàwó mi nìkan ni mo sì mọ̀ lórí. Mo ro ìyàwó mi lẹ́nu iṣẹ́ níbi tó wà, kí àlejò máa pè é láti Èkó pé iná jó ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Lẹ́yìn náà mo wá ẹlòmíràn lọ́kàn mi, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé ibi iṣẹ́. N kò rí.

"Kò sí ẹnikẹ́ni," mo ní.

Ó fi fóònù rẹ̀ sápò. "Ẹnikẹ́ni kẹ̀? Dádì, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó jókòó tì mí títí wọ́n fi di ẹsẹ̀ mi tán. N kò rántí láti béèrè orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí rìwáyà dé, ó lọ wo òkú mọ́tò náà, lẹ́yìn náà ló wá kí mi nílé. Ó ní rọ́bà tóun fi sí ojú ihò irin yẹn ti yẹ̀, irin sì gé wáyà. "Àṣìṣe tèmi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fíùsì ti sọ̀rọ̀, ọ̀gá, ẹ wá fi wáyà dì í lẹ́nu."

Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ọkọ̀ èrò ni mo ń wọ̀ báyìí, ìtòsí ilẹ̀kùn ni mo sì máa ń jókòó sí. Kí n tó jáde nílé, mo máa ń yọ gbogbo ohun tó wà lára iná, n ó tún padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Físà kò tíì jáde. Oṣù méjì kọjá kí n tó lè sọ ọ̀rọ̀ iná náà fún ìyàwó mi. Ó sunkún, ó bú mi, ó sì fi ojú rí àpá ẹsẹ̀ mi lórí fóònù. Ó béèrè ẹni tó dúró tì mí ní ilé ìwòsàn, mo sọ fún un pé ọlọ́kọ̀ kẹ̀kẹ́ kan ni. Èsì tí mo fún ọkùnrin náà nígbà tó ní kí n dárúkọ ẹnì kan, n kò tíì lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi.