Wáyà Tí Mo Fi Sínú Iná

Òórùn epo tí ọkọ̀ òfuurufú kékeré yẹn ń mu kò tíì kúrò nímú mi. Ó ń rùn bí yàrá tí wọ́n ti ń gúnni lábẹ́rẹ́, ó tún ń rùn bí epo lárà. Ìgbà náà, Dahomey ni wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ wa. Ọkọ mi ń rọ ọkọ́ àti àdá ní Bantè, èmi ń kó irun fún àwọn obìnrin lábẹ́ igi máńgòrò iwájú àgbẹ̀dẹ. Òyìnbó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Savalou ló gbé ọkọ̀ náà wá bá wa. Kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń wọ̀ o. Kò gùn ju apá mi lọ, igi fúyẹ́fúyẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ẹ̀rọ rẹ̀ kò ju ìkúùkù ọmọ ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n bó bá ké, ewúrẹ́ á já okùn.

Òyìnbó náà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì a máa fi irú rẹ̀ sáré ìje. Ẹni tó ń darí rẹ̀ á dúró láàárín pápá, á di igi kékeré kan mú, ọkọ̀ náà á máa fò yí i ká. Wáyà méjì tín-ín-rín ti ara igi yẹn lọ dé ikùn ọkọ̀ náà, níbi tí irin pẹlẹbẹ onígun mẹ́ta kan wà. Bó bá fa wáyà kan, irin á yí, á ti ọ̀pá kan tó lọ sí ìrù, imú ọkọ̀ á lọ sókè. Bó bá fa èkejì, á wálẹ̀. Irin onígun mẹ́ta yẹn ló kán mọ́ ọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá júwe àgbẹ̀dẹ wa fún un.

Ọkọ mi gbé irin tó kán náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Ó gé òmíràn lára ayùn àtijọ́, ó fi ọjọ́ mẹ́ta yún un, ó sì ki páìpù bàbà wẹ́wẹ́ bọ ihò àárín kó má baà máa mì. Ti òyìnbó kò ní páìpù yẹn. Nígbà tí òyìnbó fi ìka tì í, tó yí wẹ́rẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó ṣe fún àwọn ọ̀rẹ́ òun náà. Ó wá sọ ohun tó gbé wa lọ́kàn: bí eré ìje náà bá lọ dáadáa, òun á bá ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba ọkọ mi síbẹ̀, kó máa fi iṣẹ́ irin kọ́ àwọn ọmọ. Ọkọ mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ti sọ ọ́ nídìí kànga kí oòrùn tó wọ̀.

Iṣẹ́ kan kù tí ìka ọkọ mi tóbi jù fún. Ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹ po kó dà bí ojú abẹ́rẹ́, ká wá fi wáyà bàbà dì í yíká kó le. Ó ní, "Ìwọ tó ń fi òwú kó irun, wá bá mi kó eléyìí. Ṣùgbọ́n má fi iná kàn án o. Tútù ni kí o ṣẹ́ ẹ. Kì í ṣe irin ọkọ́."

Ìyá rẹ̀ ń kọjá lọ, ó rí mi. "Ìyàwó wa, ta ló ń ṣègbéyàwó? Ẹyẹ òyìnbó?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ẹ̀yin sì ni ìyá ìyàwó, ẹ lọ dáná àlejò."

Ẹnu méjìlá ni, mẹ́rin fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ṣe mẹ́wàá bó ṣe wí, wáyà ń gún mi lọ́wọ́ bí ẹ̀gún. Ó ku méjì ní ọjọ́ Sátidé, ni àwọn ará Lougba bá mú ìyàwó tuntun wá pé kí n kó irun rẹ̀. Ọkọ mi ti gbé ọkọ́ lọ sí Koko. Iná ṣì ń jó lẹ́nu ewìrì. Mo ti gbé ọdún mẹ́jọ nínú àgbẹ̀dẹ, mo sì ti rí i pé irin tó bá ṣorí kunkun, iná ní í bẹ̀ ẹ́. Mo ki ẹnu méjèèjì bọ iná títí wọ́n fi pọ́n, mo jẹ́ kí wọ́n tutù. Wọ́n rọ̀ bí òwú, mo ṣẹ́ wọn po kíá. Inú mi dùn, mo ní ọkọ mi ń fi ìyà jẹ mí lásán ni. Àwọn àgbà ní ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo mọ òwe yẹn dáadáa nígbà náà, ọmọ ẹlòmíràn ni mo máa ń pa á fún.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, pápá bọ́ọ̀lù Savalou kún. Àwọn Mahi, onílẹ̀ Savalou, ń hó, àwa náà ń hó. Ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń yí po bí oyin tí wọ́n tú nílé, ti òyìnbó wa ló ṣíwájú. Mo ń jó. Ṣàdédé ni nǹkan já mọ́ òyìnbó lọ́wọ́, ọkọ̀ náà gbé imú sókè, ó dojú dé, ó sì fọ́ mọ́lẹ̀ yángá.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó mú ẹnu wáyà tó já. Wáyà òyìnbó a máa dán. Èyí dúdú bí ìdí ìkòkò, iná ti gba agbára rẹ̀. Ta ni yóò sọ ohun tí iná ṣe sí irin fún alágbẹ̀dẹ? Ó gbójú sókè, ó wá mi láàárín èrò títí ojú wa fi ṣe mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé mọ́ wáyà náà.

Òyìnbó bi í léèrè, tísà kan ń túmọ̀. Ọkọ mi ní, "Ọwọ́ mi ni. Mi ò ṣe é dáadáa."

Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọmọ ilẹ̀ wa, rẹ́rìn-ín. "Alágbẹ̀dẹ ọkọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó máa rọ ọkọ́ rẹ̀ lọ."

N kò jìnnà sí wọn ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Mo lanu. Mo tún pa á dé.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà sí Bantè, ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé ebi ò pa ọ́?" Ẹlòmíràn ni wọ́n gbà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọkọ mi padà sídìí ọkọ́ àwọn àgbẹ̀ Koko àti Atokoligbé, kò sì fọwọ́ kan iṣẹ́ wẹ́wẹ́ mọ́. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ní ọdún tí ìjọba àwọn sójà ń kógbá wọlé, mo jókòó tì í, mo ní, "Bàbá ọmọ mi, wáyà ọjọ́ yẹn..." Ó ní, "Wáyà wo? Fún mi lómi." Mo fún un lómi. N kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí ó fi lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá sá fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Èmi kò purọ́, mo dákẹ́ ni. Ẹni tó dákẹ́, kò sí ohun tó ń lé e.

Síbẹ̀, wáyà kọ́ ló ń dùn mí jù. Nígbà tí àwọn ọmọ wa ń dàgbà, bí ọ̀kan bá fọ́ ìgò tàbí àwo, àwọn yòókù á ní, "Ọwọ́ Bàbá lo jogún! Ìwọ náà á já ọkọ̀ òyìnbó lulẹ̀!" Bàbá wọn á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á máa bu iyán rẹ̀ jẹ. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ẹ̀rín ara mi yẹn báyìí.

Ọmọ ọmọ mi, kọ ọ́ kó hàn pé ọwọ́ bàbá ńlá rẹ kò ba nǹkan kan jẹ́. Bí o bá kọ ọ́ tán, kà á fún bàbá rẹ. Òun ló máa ń dá ẹ̀rín yẹn sílẹ̀ jù, mi ò sì lè sọ ọ́ lójú rẹ̀.