Agogo Kẹ̀kẹ́ Alága Wa

Alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àwa ọmọléèwé kì í wọ abúlé kankan láìtẹ agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti òkèèrè. Ìjà òṣèlú ń sun ilé kiri nígbà náà. Bí a bá ń kó irúgbìn àgbàdo lọ sí Ara tàbí Màsífà, á ní, "Ta ló fẹ́ sun ilé tó máa tẹ agogo? Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àgbẹ̀ ni wá." Ilẹ̀kùn á sì ṣí, àwọn ìyá á pariwo, "Alágbàdo dé o!"

Lọ́jọ́ kan, ó dá lọ. Àwọn tọ́ọ̀gì tó ń bá ẹgbẹ́ òṣèlú bàbá rẹ̀ jà dènà dè é. Agogo yẹn ni wọ́n fi dá a mọ̀. Wọ́n pa á.

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú. "Ṣé kò tẹ agogo ni?"

"Ó tẹ̀ ẹ́, Màmá."