Òdòdó Tó Ń Gbààwẹ̀

Ní ìlú Liliw, lẹ́sẹ̀ òkè Banahaw, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú tó ti Aling Tinay, kò sì sí ẹni tí òdòdó rẹ̀ dára tó tirẹ̀. Bó bá ti jí, abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ni yóò kọ́kọ́ lọ, níbi tó so àwọn òdòdó sanggumay rẹ̀ rọ̀ sí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn. "Ẹ̀yin ọ̀lẹ wọ̀nyí, ẹ ṣì ń sùn? Ìwọ tọ̀hún yẹn, ta lò ń wò bẹ́ẹ̀?"

Sanggumay kì í gbé inú ilẹ̀. Orí igi ní í gbé bí àfòmọ́, àmọ́ kì í jẹ igi tó gbà á sílé bí àfòmọ́ ṣe ń ṣe. Ibi tí yóò fẹ̀yìn tì ló ń wá. Èèpo àgbọn àti èédú ni Aling Tinay fi ń gbìn ín sínú ìkòkò amọ̀ tó lu ihò sí lára, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí gbòǹgbò rẹ̀. Ẹni tó bá da iyẹ̀pẹ̀ sí i ti sin ín láàyè nìyẹn. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n, kì í sì í ṣàlàyé. "Ẹni tó bá lójú, kó wò," gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí Jímọ̀ Rere ló ṣe ń ṣe gbogbo wàhálà yìí. Ìdílé ọkọ rẹ̀ ló ni ère Veronika, obìnrin tó fi aṣọ nu ojú Jésù, èyí tí wọ́n máa ń gbé sórí kẹ̀kẹ́ àfọwọ́tì yí ìlú ká lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdílé yòókù a máa ra òdòdó lọ́jà fún ère tiwọn. Aling Tinay a yínmú sí wọn, a ní ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ti Veronika, sanggumay ni, aláwọ̀ àlùkò, tó so rọ̀ yí kẹ̀kẹ́ ká, tí òórùn dídùn rẹ̀ ti ń dé kí kẹ̀kẹ́ tó yọ.

Ọdún tí à ń wí yìí ni Merlita kọ́kọ́ lo ẹ̀ẹ̀rùn nínú ilé náà. Ìyàwó Ruel ni, ọmọ Aling Tinay tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, tó mú un wá sílé ìyá rẹ̀ kó tó padà sójú òkun. Ọmọ olóko ìrẹsì ni Merlita, láti Mindoro. Níbi tí wọ́n ti bí i, bí ewé bá ti pọ́n, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ẹ tètè bomi sí i.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ewé sanggumay bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, Aling Tinay sì dáwọ́ omi dúró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Sanggumay máa ń gbààwẹ̀ pẹ̀lú àwọn Kristẹni, ìgbà tí ewé rẹ̀ bá sì já tán, tó dà bí igi ìdáná, ni òdòdó ń yọ lára rẹ̀. Ta ló sọ fún Merlita? Kò sẹ́ni. Ohun tí òun rí ni pé orúnkún ń dun ìyá ọkọ òun, wọn ò jẹ́wọ́, wọn ò sì lè gbé omi mọ́. Kò fẹ́ dójú tì wọ́n. Láràárọ̀ tí Aling Tinay bá ti gba Máàsì lọ, yóò bu omi tó fi fọ ìrẹsì, yóò sì fún òdòdó kọ̀ọ̀kan mu.

Aling Tinay rí i pé nǹkan ń wú lára àwọn igi òdòdó náà. Ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ó rò pé òdòdó ni, ó tilẹ̀ ti ń fi yangàn káàkiri. Àfi lọ́jọ́ tó gbàgbé ìbòrí rẹ̀ sílé, ọ̀sẹ̀ Jímọ̀ Rere gan-an, tó yà padà, tó bá Merlita lábẹ́ máńgòrò, igbá lọ́wọ́.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Màmá, omi ni mo—"

Aling Tinay fa igi sanggumay kan mọ́ra, ó gbé e súnmọ́ ojú. Kì í ṣe òdòdó ló wú. Ewé kéékèèké ni, àti gbòǹgbò tín-ín-tín, igi tuntun tó ń hù lára ìyá rẹ̀.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Màmá, wọ́n ń kú lọ ni. Mo ní bóyá ẹ ò lè gbé omi mọ́..."

"Èmi? Èmi Tinay? Ẹni tó ń gbààwẹ̀ lo lọ ń fi oúnjẹ há lẹ́nu! Wò ó, ọmọ ló bí, kò yọ òdòdó! Kí ni Veronika fẹ́ wọ̀ ròde, ẹ̀fọ́? Àṣejù, baba àṣetẹ́! Irú oore yìí, àwọn ọ̀tá mi ò ṣe é fún mi rí."

Merlita gbé igbá sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Tí Àjíǹde bá ti kọjá, màá padà sọ́dọ̀ àwọn ìyá mi, títí Ruel á fi dé." Ó wọlé lọ.

Aling Tinay jókòó sórí àpótí, ó ń dúró kí inú bí òun sí i, ṣùgbọ́n ìbínú náà ò wá. Ó tún wo àwọn òdòdó rẹ̀. Wọn ò sanra báyìí rí láyé wọn. Ẹnì kan ti fi aṣọ nù wọ́n lára, ó ti ṣa kòkòrò ara wọn, ó sì ti fi àkísà rírọ̀ so àwọn tó fẹ́ ṣẹ́. Ó wá yé e pé láti ìgbà tí ọmọbìnrin yìí ti dé, omi ìwẹ̀ ti máa ń wà nílẹ̀ kí òun tó béèrè. Òótọ́ sì ni, òun ò lè gbé omi mọ́. Ojú tì í. Ó fẹ́ kí Merlita dúró, ó fẹ́ ẹ gidigidi, ṣùgbọ́n ẹnu tó mọ èébú tó bẹ́ẹ̀ ò kọ́ ẹ̀bẹ̀ rí.

Nígbà tí Jímọ̀ Rere dé, òun fúnra rẹ̀ ló so àwọn igi náà mọ́ kẹ̀kẹ́ Veronika, pẹ̀lú ewé kéékèèké lára wọn. Merlita ló ń tì í lẹ́yìn, níwọ̀n bí Ruel ò ti sí nílé. Bí wọ́n ṣe dé ojúde ṣọ́ọ̀ṣì, Bining, ẹgbẹ́ Aling Tinay, tí ìdílé tirẹ̀ ni ère Magidalénì, bú sẹ́rìn-ín.

"Tinay! Kí lẹ so mọ́ Veronika lára yìí? Ṣé ó fẹ́ dáná lọ́nà ni? Àbí ìyàwó ilé yín ló wá ṣẹ́gi?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Merlita dorí kodò. Aling Tinay dá kẹ̀kẹ́ dúró láàárín títì.

"Bining, súnmọ́ ibí, ojú ẹ ti fọ́ ju tèmi lọ. Igi ìdáná kọ́, ọmọ ni. Ìwọ tó o ti ń gbin sanggumay látìgbà tó o ti wà ní wúńdíá, èwo ló bímọ fún ẹ báyìí rí? Merlita ló tọ́ wọn. Tí Àjíǹde bá kọjá, èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ máa gé wọn, ká gbìn wọ́n sínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Ó máa pẹ́ kí wọ́n tó yọ òdòdó. Kò ráyè lọ sí Mindoro kankan." Ó yíjú sẹ́yìn, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ lójú gbogbo ayé. "Àbí o ráyè?"

"Mi ò ráyè, Màmá," ni Merlita wí, ó sì ti kẹ̀kẹ́ náà síwájú.