Òkúta Orí Àpò Ẹ̀gẹ́ àti Ọjọ́ Méje ní Ẹ̀pẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé àárín ẹrù ni wọ́n máa ń há mi sí nínú mọ́tò kí awakọ̀ má baà gbowó lórí mi, ìyá mi kì í rìnrìn àjò ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́dún. Ó ń lọ lẹ́yìn ọdún tuntun, ó ń lọ nígbà tí àgbàdo bá gbó, ó sì ń lọ nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ibi kan náà ló ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ ìyá tó bí i. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gbé Ìjẹ̀bú-Òde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹ mọ̀ pé Ẹ̀pẹ́ ò jìnnà sí wa. Àmọ́ nílé tiwa, bí ẹni ń lọ sí ìlú òyìnbó ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú la ti máa ń fọ aṣọ, tí bàbá mi á sì máa rìn kiri ilé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe opó.

Gàrí ni ìyá mi ń ṣe. Ẹ̀yìnkùlé wa, lójú ọ̀nà tó lọ sí Imùṣin, ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó rù ú lọ sídìí ẹ̀rọ kí wọ́n rin ín, a ó dà á sápò, a ó wá gbé òkúta lé àpò náà kí omi inú rẹ̀ máa ro jáde díẹ̀díẹ̀. Òórùn omi ẹ̀gẹ́ yẹn! Bí mo bá wà ní Ayépé tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́ dáadáa, mo lè fi imú nìkan mọ ọ̀nà ilé. Bíbó ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ tèmi. Títí di òní olónìí, àpá ọ̀bẹ méje ló wà lọ́wọ́ òsì mi, bẹ́ẹ̀ mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé ẹkùn ló ya mí. Bí gàrí bá sì ti ń bọ́ gbígbóná látinú agbada, a ó fọwọ́ bù ú jẹ. Ìyá mi á fi igbá gbá wa lọ́wọ́, a ó tún bù ú.

Iṣẹ́ yìí kì í fún èèyàn láàyè. Ẹ̀gẹ́ tí ẹ bá bó sílẹ̀ tí ẹ ò rin, ó máa dúdú. Gàrí tí ẹ bá ń yan lọ́wọ́, ẹ ò lè yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbà kan ṣoṣo tí èèyàn lè sinmi ni ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà lábẹ́ òkúta, ọjọ́ mẹ́rin sì ni. Inú ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni ìyá mi ń ki gbogbo ìrìn àjò rẹ̀ bọ̀. Á rin ẹ̀gẹ́ ní Mọ́ńdè, á wọ mọ́tò ní Túsìdeè, á padà dé ní Fúráìdè, nítorí pé ní Sátidé, Ìyá Ìbẹ̀fun tó ń ra gàrí wa lọ tà l'Ékòó á ti gúnlẹ̀ síwájú ilé wa pẹ̀lú àpò òfìfo. Àwọn olówó oṣù ní ọ̀gá tó ń fún wọn ní ìsinmi. Òkúta ló ń fún ìyá mi.

Ìrìn àjò ìgbà àgbàdo máa ń bọ́ sí họlidé gígùn, òun ló sì máa ń mú mi lọ. Ìyá Ẹ̀pẹ́, ìyá ìyá mi, obìnrin kúkurú kan ni, ẹja ló ń yan tà létí ọ̀sà, gbogbo ara rẹ̀ ló sì ń ta sánsán bí ọbẹ̀. Ọkọ mi ló ń pè mí. Ẹja tí mo jẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, bí mo bá sọ bó ṣe tóbi tó, ẹ ó ní mo ti dé. Àrọ̀ kan wà tí a fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó ṣẹ́jú sí mi.

Àmọ́ bó bá ti di Fúráìdè báyìí, ìyá mi á ti máa di ẹrù, Ìyá Ẹ̀pẹ́ á sì jókòó sórí àpótí láìwo ẹnikẹ́ni lójú.

"Ṣé ẹ̀gẹ́ ló bí ọ ni?" Ohun tó máa ń bi í nìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìyá Ẹ̀pẹ́. Ó wá bẹ ìyá mi, ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré lòun fẹ́, ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí òun rí i títí àwọn méjèèjì á fi sú ara wọn. Ìyá mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi, ẹ̀gẹ́ ò ní gbà." Nígbà tó délé tó ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi, ó fi etí aṣọ nu ojú, ó sì ní èéfín ni. Kò sì sí iná nínú ilé.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí àgbàdo fi gbó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Mo ṣe ìṣirò báyìí pé: òkúta mẹ́fà lórí àpò kan, ọjọ́ mẹ́rin. Bó bá jẹ́ òkúta mẹ́ta, ẹ̀gẹ́ á pẹ́ kó tó gbẹ. Bó bá sì pẹ́, a jẹ́ pé àwa náà á pẹ́ ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ sọ fún mi, níbo ni àṣìṣe wà níbẹ̀? Ní àárọ̀ Túsìdeè, bí ìyá mi ti wọ balùwẹ̀, mo yọ òkúta mẹ́ta mẹ́ta lórí àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì tò wọ́n sẹ́yìn ilé adìyẹ. Bàbá mi wà nílé, àmọ́ bíríkìlà ni, òkúta tí wọ́n fi ń kọ́lé nìkan ló ń dá mọ̀. Ó kọjá lára àpò náà, ó ń fọ eyín.

Mọ́tò onípákó ló gbé wa. Ó ń rọra lọ débi pé ìgbín kan bá wa ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó kí wa, ó sì ṣáájú. Ibẹ̀ ni mo wà, láàárín apẹ̀rẹ̀ àti adìyẹ, tí inú mi ń dùn, tí ọ̀rọ̀ kan fi dédé gbá mi láyà. Ìyá mi ò lè rí òkúta láti Ẹ̀pẹ́! Ọjọ́ ló ń kà, kò ka òkúta. Bó bá di Fúráìdè, á padà sílé bó ti máa ń ṣe, á bá ẹ̀gẹ́ tútù, Ìyá Ìbẹ̀fun á dé, kò ní rí gàrí rà, á sì kọrí sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò tún ní sí ọ̀sẹ̀ kan fún Ìyá Ẹ̀pẹ́. Bí mo bá jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, mọ́tò yìí náà ló máa gbé wa padà. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, ọjà ìyá mi bàjẹ́. Mo kàn di ọrùn adìyẹ mú, àwa méjèèjì ń wo ara wa.

Ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n se ìkọ́kọrẹ́ fún mi, ẹja pọ̀ nínú rẹ̀ ju ewùrà lọ. Mo jẹ ìdajì, mo sì gbé abọ́ kúrò. Ìyá Ẹ̀pẹ́ fọwọ́ kan iwájú orí mi, ara mi ò gbóná. Ó mú mi lọ sídìí ààrò ẹja, ó ní, "Ọkọ mi, kí lo bà jẹ́?" Àgbà ni. Kò bi mí bóyá mo ba nǹkan jẹ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Èmi ti bí ọmọ mẹ́fà, kò sí èyí tó ní ọgbọ́n burúkú tó báyìí." Ó wá ní kí n panu mọ́, òun á mọ ohun tí òun máa ṣe.

Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe náà nìyí. Ní òwúrọ̀ Fúráìdè, bí ìyá mi ti ń di ẹrù, ó ká ojú kò, ó ní òun lá àlá, òun rí àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́rin, omi ń ro nínú wọn ṣùrùrù.

Ìyá mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìyá mi, láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi, ẹ ò lálàá rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń hanrun bí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, níbo ni àlá fẹ́ gbà wọlé?"

Ìyá Ẹ̀pẹ́ wojú mi. Ọgbọ́n rẹ̀ ti tán. Ìyá mi sì ti gbé ẹrù karí. Mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ̀gẹ́ ò tíì gbẹ, Màámi. Èmi ni mo yọ òkúta."

Ìyá mi sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní, "Mélòó?" Mo ní mẹ́ta mẹ́ta, ẹ̀yìn ilé adìyẹ ni mo tò wọ́n sí. Ó jókòó sórí ẹrù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà, ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo mọ ohun tó ń kà. Bó bá lọ lónìí, omi ló máa bá lábẹ́ àpò. Bó bá tiẹ̀ dá òkúta padà, ó di ọjọ́ mẹ́ta sí i, á kàn jókòó tì í ni. Lọ tàbí dúró, kò sí gàrí ní Sátidé.

"Délé, ìwọ ọmọ yìí, o ti pa mí."

"Kò pa ọ́," ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ fèsì. "Yọ gèlè yẹn."

Ìyá mi wo ẹrù, ó wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó wú, ó wá tú gèlè. Ó sáré jáde lọ rán awakọ̀ tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde sí bàbá mi, pé kó dá òkúta ẹ̀yìn ilé adìyẹ padà sórí àpò, kó sì bẹ Ìyá Ìbẹ̀fun kó padà wá ní Túsìdeè. Nígbà tó wọlé padà, ó gbá mi létí kan, ó ní ti Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, ti ilé ń bọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, mo rí ohun tí mi ò rí rí. Ìyá mi sùn lọ́sàn-án gangan. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó ń mí. Ìyá Ẹ̀pẹ́ gbé orí rẹ̀ sáàárín itan, ó di irun ṣùkú fún un, ó sì ń fi ìyarun lù ú lórí, "Jókòó dáadáa!" bí ẹni ń bá ọmọ ọdún méje wí. Wọ́n jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Ìyá mi yọ ẹja jẹ nínú agbọ̀n ọjà, wọ́n mú un, ó sá, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ti rò pé bó ṣe wà ni wọ́n ṣe bí i, pẹ̀lú ọwọ́ líle àti ojú èéfín. Nígbà tí a ń lọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Ìyá Ẹ̀pẹ́ kò bèèrè ẹni tó bí ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó sì sìn wá dé ìdí mọ́tò.

Ti ilé bọ̀ lóòótọ́. Mo kúnlẹ̀, mo gbé òkúta sókè, bàbá mi sì dúró tì mí, ó ń wò ó bóyá ó tẹ́jú bó ṣe ń wo bíríkì.

Nígbà tí a tú àpò náà ní àárọ̀ Túsìdeè, ó gbẹ, àmọ́ kíkan rẹ̀! Afẹ́fẹ́ inú agbada nìkan mú kí ajá kan tó ń kọjá lójú títì sín lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ìyá mi tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fà ro. Ìyá Ìbẹ̀fun sì ti dé. Ó bu gàrí náà sínú abọ́, ó da omi tútù sí i, ó mu ún. Ó di ojú méjèèjì. Ìyá mi ti fẹ́ máa bẹ̀ ẹ́.

"Kí lẹ fi sí i?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o, Ìyá Ìbẹ̀fun. Ó kàn pẹ́ ni."

"Ó kan wọnú egungun!" Ó tún mu ún. "Ẹ má ṣe òmíràn fún mi mọ́. Báyìí ni kí ẹ máa ṣe é."

Bí gàrí Ìjẹ̀bú ṣe di gàrí kíkan tí gbogbo ayé ń wá kiri nìyẹn o. Àwọn kan á ní ó ti ń kan kí wọ́n tó bí bàbá mi. Wọn ò sí níbẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé láti ọjọ́ náà, ọjọ́ méje ni ẹ̀gẹ́ ìyá mi ń lò lábẹ́ òkúta, ọjọ́ méje náà ló sì ń lò ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, títí Ìyá Ẹ̀pẹ́ fi lọ sinmi.

Ẹ wá wo ayé ìsinsìnyí. Àbíkẹ́yìn mi, Bísí, ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó. Ó ń rìnrìn àjò ju ẹyẹ lọ. Lóṣù yìí Àbújá, lóṣù tó ń bọ̀ Gánà, nígbà tó bá sì ṣe, ó kọjá òkun. Bí mo bá ka ti ọdún kan, ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀ ò tó. Ọ̀dọ̀ mi ni kì í pẹ́. Ìrìn àjò tiwa ṣọ̀wọ́n, a sì ń dé ibi tí a bá lọ. Tiwọn pọ̀ bí omi, ẹsẹ̀ kan ló ń wọlé, èkejì wà nínú mọ́tò.

Sátidé kan báyìí, ó dé láago mọ́kànlá, ó ní aago kan lòun ń lọ, "Dádì, iṣẹ́ ò gbà." Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Mo ní kò burú, kó jẹun, kí n bá a nu mọ́tò rẹ̀. Mo nu ún dáadáa. Nígbà tó jáde, táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti sùn sílẹ̀. A wá fọganáísà òdìkejì títì, ọ̀rẹ́ mi ni, wọ́n ní ó dédé rìnrìn àjò lọ sí Ìbẹ̀fun, di Mọ́ńdè. Mo káàánú púpọ̀.

Bísí fìbínú jókòó, ó jókòó títí oorun fi gbé e. Ó sùn di ìrọ̀lẹ́. Ní Sọ́ńdè ó bá mi jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, ó gba ẹran inú abọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín débi pé aládùúgbò yọjú.

Fọganáísà padà dé ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Bísí bẹ̀rẹ̀, ó wo táyà yí po. Ó ní, "Dádì, kò sí ìṣó níbẹ̀ o." Mo gbójú sókè, mo ní ó jọ pé òjò máa rọ̀. Ó wò mí. Ó wá mú fóònù, ó pe ọ̀gá rẹ̀, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé òun ò ní lè wọṣẹ́ títí di ọ̀la, nítorí pé táyà kẹta náà tún ti ń rẹlẹ̀.

Mo lọ fọwọ́ tẹ táyà kẹta náà wò. Ó le gbandi.