Pákó Mọ́kànlá Lórí Ilẹ̀ Gbígbẹ

Bàbá tó ń gbé yàrá kẹta nílé wa l'Ágége to pákó mọ́kànlá láti ẹnu ọ̀nà wọn dé balùwẹ̀. Orí òpó kéékèèké ni pákó náà wà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ táútáú. Iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ bísíkíìtì kan n'Íkẹjà, àmọ́ abúlé apẹja kan létí òkun Ìlàjẹ ni wọ́n ti wá. Níbẹ̀, orí òpó nínú omi ni gbogbo ilé wà, igi àgbọn kan ṣoṣo ló sì ń júwe èbúté fún àlejò.

"Bàbá, omi ọ̀hún dà?" ni lánlọ́ọ̀dù máa ń bi wọ́n.

"Ó fà lọ ni. Tó bá dìrọ̀lẹ́, á dé."

Ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, wọ́n á pariwo lé e lórí: "Ẹ máa rì o!" Nígbà tí àríyànjiyàn sú wa, gbogbo wa ń gba orí pákó.

Nígbà tí ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá, bàbá gbọ́ pé ìjọba tuntun fẹ́ dá òkun tó ń jẹ abúlé wọn dúró. Wọ́n lọ wò ó, wọn ò padà. Ọmọbìnrin wọn ló wá kó ẹrù wọn. Ó ní òkun ti gbé igi àgbọn lọ, bàbá sì ti so ọkọ̀ ojú omi wọn mọ́ òpó kan lójú ibi tí igi náà wà gan-an, inú rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́, kí àlejò má baà ṣìnà.

Lọ́jọ́ kejì, lánlọ́ọ̀dù ní omi kankan ò sí níbẹ̀, ó fìbínú tú gbogbo pákó náà. Ìgbà tó fẹ́ lọ wẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀ gbígbẹ náà títí, ó sì ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún.