Ènìyàn Mẹ́tàlélógójì ní Ogitani

Kanae Tsukuda ló sọ pé àwọn èèyàn Ogitani, abúlé orí òkè, ti pé. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé odindi ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí ẹnikẹ́ni tó béèrè.

Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún ní ọ́fíìsì ìlú. Òun ni wọ́n máa ń pè bí bébà bá há sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìdí fèrèsé ló ti máa ń jẹ ìrẹsì tútù àti ẹyin díndín rẹ̀ lọ́sàn-án, á sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ kí aago kan tó lù.

Tẹ́lẹ̀, bí òjò bá lé àwọn ará òkè wá forí pamọ́ sí ilé ìwé, ìwé kan ṣoṣo àti bírò kan ni wọ́n fi ń kọ orúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ á dúró de ẹni tó ń kọ lọ́wọ́. Ìlà á gùn, àwọn arúgbó á sì máa gbọ̀n nínú òjò. Àánú wọn ló ṣe Kanae tó fi ṣe ètò tuntun: tábìlì méjì, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ méjì, tí àwọn méjèèjì ń fi orúkọ ránṣẹ́ sínú àkójọ kan náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ̀rọ tó kọ orúkọ kan, á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti wà níbẹ̀. Gbogbo ọ́fíìsì ló yìn ín.

Lóṣù keje, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Àwọn ará Ogitani, èèyàn mẹ́tàlélógójì, gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá. Ní tábìlì àkọ́kọ́, Ìyá àgbà Toyo, tí ọkọ̀ aládùúgbò gbé wá, ń sọ orúkọ ara rẹ̀.

“Ọmọ ọdún mélòó ni yín, Mama?” akọ̀wé béèrè.

“Ṣé o fẹ́ fi mí ṣaya ni? Kọ mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, jàre.”

Ní tábìlì kejì, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń ka gbogbo ará ilé wọn, nítorí ẹnìkan ló máa ń sọ̀rọ̀ fún ìdílé. Ó ka Toyo mọ́ wọn. Tábìlì méjèèjì tẹ bọ́tìnnì ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ẹ̀rọ wò ó fún ti ìhín, kò rí Toyo. Ó wò ó fún ti ọ̀hún, kò tíì rí i. Ló bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Kuwata, olórí àwọn panápaná àdúgbò, wọlé, omi ń ro lára rẹ̀ tótótó.

“Kanae, ṣé wọ́n pé? Omi ti fẹ́ẹ̀ kan afárá. Tó bá ku ẹnìkan, àfi ká lọ báyìí o.”

Kanae wo iye tó wà lójú ẹ̀rọ. “Mẹ́tàlélógójì. Wọ́n pé, ẹ̀gbọ́n.”

“O ṣeun. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ bọ́ bàtà, ẹ wá mu tíì!”

Wọn ò pé. Bàbá Shigezo Hamuro, tó ń gbin olú sára ìtì igi lókè pátápátá, ṣì wà nílé pẹ̀lú ọrùn ẹsẹ̀ tó fi rọ́. Ní aago mẹ́rin, òkè ya lu ilé náà. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òkú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọ bàtà òjò rẹ̀, báàgì kékeré sì wà lórí itan rẹ̀.

Nígbà náà ni Kanae ka orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Toyo. Toyo. Wákàtí kan náà, ìṣẹ́jú kan náà. Ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀.

“Òjò ló ṣe é,” Ọ̀gá Inaba, olórí ọ́fíìsì wọn, sọ nígbà tó gbọ́. “Má sọ ara ẹ di òjò.”

“Iye tí mo kà ni wọ́n tẹ̀ lé, sà.”

“Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ìlú máa nàka sí wa ni? Pa ẹnu ẹ mọ́.”

Ó pa ẹnu mọ́, ó sì ṣiṣẹ́. Olúkúlùkù ará ìlú ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kanae mú kí àkójọ náà fúnra rẹ̀ má gba nọ́ńbà tó bá wá lẹ́ẹ̀kejì, kí wíwò àti kíkọ di ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tí àyè kankan ò sí láàárín wọn. Ó wá ní kí akọ̀wé méjì máa tẹ orúkọ kan náà pọ̀.

“Lẹ́ẹ̀kan náà! Ìka ẹ lọ́ra bí ìgbín,” ọ̀kan sọ fún èkejì.

“Ìwọ lò ń kánjú bí ẹni tébi ń pa.”

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ gba ọ̀kan, ó sì ń dá èkejì lóhùn pé ẹni yìí ti wà níbí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kanae ò pàtẹ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Nobue, ọmọ Bàbá Shigezo, wọ ọkọ̀ ojú irin láti Osaka wá gba ìwé ẹ̀rí ikú.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ó béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “wọ́n ní ẹnìkan sọ pé gbogbo èèyàn ti pé. Ta ni?”

Ọ̀gá Inaba wo ilẹ̀. Kanae dìde.

“Èmi ni.”

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, tábìlì méjèèjì àti Toyo méjèèjì, ó sì tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan káńtà.

“Bàbá mi pè mí ní aago méjì,” Nobue sọ. “Wọ́n ní àwọn máa rọra fi ọ̀pá rìn sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ yẹn rìn, pé àwọn panápaná ń bọ̀.”

Kanae gbé orí sókè, ó wo ojú rẹ̀.

“Èmi náà ni mo ní kí wọ́n dúró,” Nobue sọ.

Ó ká ìwé náà sínú báàgì, ó sì béèrè ìgbà tí bọ́ọ̀sì máa dé. Kò sọ pé òun dárí jì í. Òjò ń ṣẹ́ wẹliwẹli níta. Kanae mú agbòòrùn, ó tẹ̀ lé e lọ sí ibùdókọ̀. Ó ṣí i sórí àwọn méjèèjì, Nobue ò sì kọ̀ ọ́. Wọ́n dúró níbẹ̀, èjìká kọ̀ọ̀kan ń tutù, títí bọ́ọ̀sì fi dé.